Orúkọ Wà Ní Kíláàsì, Ènìyàn Wà Lọ́jà

"Ìyá! Ìyá o! Wọ́n mú mi!"

Igbe tí Mọ́rìnọ́lá ké lọ́sàn-án ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ará Ahoyéyé ti mọ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ì bá rò pé ejò ló ṣán an. Ó sáré wọ àgbàlá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ìkejì ti já sọ́nà, fóònù sì wà lókè orí rẹ̀. Àbẹ̀ní, ìyá rẹ̀, wà nídìí odó níbi tó ti ń gún ẹyìn, apá rẹ̀ méjèèjì pọ́n fún epo dé ìgúnpá.

"Ta ló mú ọ? Ọlọ́pàá ni àbí kí ni?"

"Kíláàsì ìṣirò ni, Ìyá! Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo sọ fún yín! Ogójì ọmọ ni wọ́n mú ní gbogbo agbègbè wa, láti Sakété títí dé Kétou, orúkọ mi ló ṣe ìkẹsàn-án!"

Àbẹ̀ní ju ọmọ odó sílẹ̀. Kò mọ ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ayọ̀ jẹ́. Ó fẹ́ dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó rántí epo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá fi ìgúnpá méjèèjì gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì sì ń jó yípo odó.

"Kíláàsì inú fóònù," ni Àbẹ̀ní wí nígbà tó sinmi. "Orí àga wo lẹ máa jókòó lé níbẹ̀? Ta ni yóò sì na ẹni tó bá ń pariwo?"

"Kò sẹ́ni tó ń na ènìyàn níbẹ̀, Ìyá." Mọ́rìnọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ibi tí wàhálà òun wà gan-an nìyẹn.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Mùsíọ̀ Ládiípọ̀, olùkọ́ ìṣirò kan ní Porto-Novo, yóò ṣí kíláàsì lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni yóò gbà. Ìdánwò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ogún sì ni máàkì ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, àwọn méjìlá tó bá ta yọ nínú ogójì ni yóò wọ líísè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí ní Porto-Novo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Mọ́rìnọ́lá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú BEPC, ìdánwò tó ń múni wọ líísè, ni, láti kékeré ló sì ti ń sọ pé òun yóò máa ya àwòrán afárá fún àwọn tó ń kọ́ ọ. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé yìí tó ààyè líísè náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Crépin, tó ń wa ọkọ̀ akólẹ̀ ní Onigbolo, ló fún un ní fóònù rẹ̀ àtijọ́. Ojú fóònù náà ti là díẹ̀, àmọ́ ó ń gbọ́ràn.

Ọjọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, aago mẹ́ta ni Mọ́rìnọ́lá ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí rẹ́so, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ti máa ń wọlé dáadáa. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan: ọmọ Takon, ọmọ Sakété, ọmọ Pobè. Orúkọ tirẹ̀ náà yọ. Mùsíọ̀ Ládiípọ̀ béèrè ìbéèrè kan, kò tíì parí rẹ̀ tí Mọ́rìnọ́lá fi ṣí gbohùngbohùn tó sì dáhùn.

"Ó gbà á!" ni Mùsíọ̀ wí. "Ta nìyẹn? Mọ́rìnọ́lá láti Ahoyéyé? Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Ọmọ mọ́kàndínlógójì pàtẹ́wọ́ fún un láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ṣe ìdánwò kìíní, mẹ́tàdínlógún lórí ogún ló gbà.

Ẹni tó bá tètè gun orí igi, kó rántí pé ẹ̀ka ń yọ̀. Huguette, ọmọ ilé kejì, wà nínú àwọn ogójì náà. Orí ọmọbìnrin yìí pé, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tààrà bá wà níwájú rẹ̀, àbùjá ni yóò wá. Ó wá bá Mọ́rìnọ́lá lọ́jọ́ kan tí kíláàsì ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀.

"Wá, jẹ́ kí n fi nǹkan hàn ọ́. Wọlé. Orúkọ rẹ ti yọ, àbí? Ó dára. Pa kámẹ́rà. Pa gbohùngbohùn. Ó ti parí! Máa bá tìrẹ lọ."

"Mùsíọ̀ ńkọ́?"

"Mùsíọ̀ ń wo orúkọ ni. Ṣé ó máa ti inú fóònù yọ ọwọ́ jáde wá fa etí rẹ ni? Wọ́n kúkú ń ká gbogbo kíláàsì sílẹ̀. Fídíò rẹ̀ wà níbẹ̀, ìgbà tó bá wù wá la máa wò ó."

"Ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn, Huguette?"

"Irọ́ kẹ̀? Ṣé orúkọ ẹlòmíràn lo kọ síbẹ̀ ni?"

Mọ́rìnọ́lá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn, ó gbé fóònù ka orí òkúta, Huguette sì ń dirun fún un bí Mùsíọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ijó orí fóònù ni wọ́n ń wò. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ jókòó mọ́, yóò wọlé, orúkọ rẹ̀ yóò yọ, yóò sì gbé fóònù sítòsí ibi tó bá ti ń ṣeré. Fídíò di méjì, ó di mẹ́rin, ó di márùn-ún. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ọ̀la ni òun yóò wò wọ́n. Bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá ta á, yóò sọ fún un pé, "Ọjà ni. Ọjà Ìyá ni kì í jẹ́ kí n ráàyè." Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ á sì dákẹ́, torí òótọ́ ni pé ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún tí wọ́n ń ná ọjà Pobè, òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ ta epo.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọjà àti kíláàsì bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Mọ́rìnọ́lá kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kíláàsì wà. Ó wọlé láti orí ìsọ̀, ó rí i tí orúkọ rẹ̀ yọ, ó sì ki fóònù bọ àpò tó so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró. Kò mọ̀ pé bí fóònù ṣe ń ha ara mọ́ aṣọ, gbohùngbohùn ti ṣí.

Oníbàárà kan dé, ó gbé ìgò epo sókè sí oòrùn, ó sì yínmú. "Ó dà bíi pé omi wà nínú eléyìí."

Ẹ̀jẹ̀ ru sí Mọ́rìnọ́lá lórí. "Omi kẹ̀? Nínú epo ìyá mi? Ẹ fi ìka kàn án, Màmá, ẹ tọ́ ọ wò! Àwọn tó ń lu epo wà lọ́hùn-ún, ẹ lọ bá wọn! Epo tiwa, ẹni tó bá fi sebẹ̀, ọkọ rẹ̀ á fá ìkòkò!"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó sì rà á. Ìgbà tí ẹ̀rín ọjà lọ sílẹ̀ ni Mọ́rìnọ́lá gbọ́ ẹ̀rín mìíràn láti ìdí rẹ̀. Ó fa fóònù yọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan ń húkọ́.

"Mọ́rìnọ́lá," ni ohùn Mùsíọ̀ Ládiípọ̀ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "a ti gbọ́ pé epo yín dára. Èmi gan-an á rà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, kí ni a ń ṣe lọ́wọ́ báyìí?"

Kò mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ mọ orí ẹ̀kọ́ tí wọ́n wà.

"Orúkọ rẹ wà ní kíláàsì, ìwọ fúnra rẹ wà lọ́jà," ni Mùsíọ̀ wí. "Èwo nínú yín ni kí n kọ́?"

Ojú ti Mọ́rìnọ́lá débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Àmọ́ ìtìjú yẹn kéré sí ohun tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ́n ṣe ìdánwò kejì. Mẹ́rin ló gbà lórí ogún.

Àbẹ̀ní bá a lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ Àìkú, tí ojú rẹ̀ wú. Mọ́rìnọ́lá kò lè fi pamọ́ mọ́. Ó sọ máàkì náà, ó sì fi kún un pé, "Ọjà ló fà á, Ìyá. Ọjà kì í jẹ́ kí n kẹ́kọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àbẹ̀ní, torí kò sí ìyá tó fẹ́ jẹ́ ìdènà ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Ó dára. Bí ọjà bá jẹ̀bi, a máa dá a lẹ́jọ́. Gbé kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri wá."

Ó tẹ àtàǹpàkò bọ epo, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Kò ní láti wo ìwé, bí gbogbo ìyálọ́jà Pobè ṣe mọ ọjọ́ ọjà ni òun náà mọ̀ ọ́n. Àmì epo méje ló tẹ̀. Ó ní kí Mọ́rìnọ́lá fi bíìkì ìkọ̀wé yí ọjọ́ kíláàsì po. Mẹ́wàá ni.

"Mélòó ni epo kàn?"

Mọ́rìnọ́lá kà á. Ó tún un kà, torí kò gbà á gbọ́. "Méjì."

"Àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé o pa á jẹ?"

"Rárá. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni. Ẹ ní kí n tètè máa lọ sílé."

"Ó ku ẹyọ kan, ìyẹn ọjọ́ tí o kò sọ fún mi. Mẹ́jọ tí epo kò kàn ńkọ́? Ta ló jí èyí tí o pa jẹ nínú wọn gbé?"

Mọ́rìnọ́lá wo kàlẹ́ńdà náà títí, ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò, ìṣirò sì ti dá a lẹ́bi.

"Èmi ni, Ìyá."

"Ó ṣeun tí o sọ òótọ́." Àbẹ̀ní nu ọwọ́ rẹ̀. "Fídíò tí o kó jọ yẹn ńkọ́?"

"Mẹ́fà ni. Mo fẹ́ wò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Nígbà tí a bá se ẹyìn, ìgbà wo la ń gún un?"

"Nígbà tó bá ṣì gbóná."

"Tó bá tutù ńkọ́?"

"Èèyàn á kàn gún un títí ni, epo ò ní jáde bó ṣe yẹ."

"O mọ̀ ọ́n, o sì ń fi ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀ kó tutù." Àbẹ̀ní fà á dìde. "Nu ojú rẹ. Ìdánwò kan ṣì kù, ẹkún kọ́ ló máa ṣe é."

Àwọn méjèèjì tẹ àmì epo sórí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọjà àti kíláàsì yóò tún pàdé. Àbẹ̀ní ní òun yóò mú ọmọ àbúrò òun lọ sọ́jà lọ́jọ́ méjèèjì, Mọ́rìnọ́lá sì ṣèlérí pé òun yóò máa ṣe iṣẹ́ epo tòun tán ní àárọ̀ ọjọ́ kíláàsì.

Láti ọjọ́ náà, ẹ ì bá wá wo Mọ́rìnọ́lá! Àárọ̀ ọjọ́ kíláàsì ló ti ń gba iná sí fóònù. Crépin kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fọwọ́ ara rẹ̀ yan rẹ́so ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé ààlà kò jìnnà, fóònù Ahoyéyé fẹ́ràn kó máa sá lọ mú rẹ́so Nàìjíríà, ẹni tó ni ín á rí igi rẹ́so mẹ́rin tó dúró gbọnyin lójú fóònù, ọ̀rọ̀ kò sì ní kọjá. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń wọlé, kámẹ́rà rẹ̀ á wà ní ṣíṣí, gbogbo ohun tó ń dún ting-ting lórí fóònù á sì ti dákẹ́. Ó fa ìlà sáàárín ojú ìwé rẹ̀: ohun tó yé e wà lápá òsì, ohun tí kò yé e wà lápá ọ̀tún, kì í sì í jẹ́ kí kíláàsì parí láìbéèrè ọ̀kan nínú ti apá ọ̀tún. Ó kọ nọ́ńbà Mùsíọ̀ Ládiípọ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà, kó lè pè é bí mẹ́gà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì bá tán.

Èyí tó dùn jù ni pé bí kíláàsì bá ti parí, tó ṣì gbóná lórí rẹ̀, yóò lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí odó, yóò sì tún un kọ́. Àbẹ̀ní kò lọ sílé ìwé rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ń le ju ti Mùsíọ̀ lọ. "Báwo ni o ṣe mọ̀?" ni yóò sọ. Tàbí, "Ta ló ní kí ìyẹn kọjá sí apá kejì?" Bí Mọ́rìnọ́lá bá ti ń kálòlò, ó mọ̀ pé ibẹ̀ kò tíì yé òun nìyẹn, yóò sì pa dà sí ìwé. Àwọn fídíò mẹ́fà, ọ̀kan lójúmọ́ ló ń wò, pẹ̀lú bíìkì lọ́wọ́. Inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bíi ti ọjọ́ kìíní. Nígbà mìíràn tí èsì kan bá jáde, á fò sókè nìkan lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn tó ń kọjá á ní orí ọmọ yìí ti ń yí.

Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n ṣe ìdánwò ìkẹyìn ni Huguette wá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìbátan mi kan wà ní Sakété, Latifou, ó ti wọ Terminale, kíláàsì ìkẹyìn ní líísè. Tí ìbéèrè bá ti jáde, mo máa ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí i, ó máa ṣe gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Èmi àti ìwọ. Mẹ́rin lo gbà lọ́jọ́sí, Mọ́rìn. Bí o kò bá gba méjìdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti tán nìyẹn."

Òótọ́ ni. Mọ́rìnọ́lá ti ṣe ìṣirò náà ní ìgbà àìmọye. Ó ro líísè, ó ro afárá, ó ro bí yóò ṣe rọrùn tó láti ṣí WhatsApp kó sì wò. Ó fẹ́ sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni," ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀.

"Tí Mùsíọ̀ bá wá ní ká ṣàlàyé ńkọ́?"

"Ká sọ pé rẹ́so ti lọ ni!"

"Mi ò ṣe, Huguette." Ohùn rẹ̀ kò le. "Mo ti gbé orúkọ mi lásán lọ sí kíláàsì rí. Mi ò fẹ́ gbé e lọ sí líísè pẹ̀lú."

Huguette pòṣé, ó sì lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n kọ ìdánwò. Mùsíọ̀ Ládiípọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa oko kan: òró rẹ̀ fi mítà márùn-ún ju ìbú rẹ̀ lọ, gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kí ni ìbú rẹ̀?

"Huguette, èsì rẹ dára. Méje àti òdì méjìlá ni o rí, o sì mú méje. Kí ló dé tí o fi ju òdì méjìlá nù?"

Huguette wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Mùsíọ̀… àlò? Mùsíọ̀, mi ò gbọ́ yín… rẹ́so…" Àwòrán rẹ̀ sì pòórá.

Mùsíọ̀ mí kanlẹ̀. "Mọ́rìnọ́lá, dáhùn ìbéèrè kan náà."

"Nítorí pé, Mùsíọ̀, ìbú oko…"

Ojú fóònù dúró gbagidi. Ó di dúdú. Ó tún tàn, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mọ́rìnọ́lá mọ ohun tí Mùsíọ̀ ń rò lọ́wọ́ báyìí, gbogbo kíláàsì ló ń rò ó: òun náà ti ṣe bíi Huguette. Ó gbìyànjú láti pa dà wọlé, kò ṣeé ṣe. Ló bá yí ìwé sẹ́yìn, ó tẹ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó sì pè é ní ìpè lásán tí kò lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Àlò?"

"Mùsíọ̀, Mọ́rìnọ́lá ni! Ẹ jọ̀ọ́, íńtánẹ́ẹ̀tì ló lọ lóòótọ́, ẹ má gé orúkọ mi! Ẹ jẹ́ kí n fẹnu sọ ọ́!"

"O kò rí ojú ìwé tí mo ń wò."

"Ó wà lórí mi, Mùsíọ̀."

"Ó yá, máa sọ."

Mọ́rìnọ́lá pa ojú dé. "Mo pe ìbú ní x, òró di x àti márùn-ún. Mo sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan kí òdo lè wà ní apá kejì, mo sì wá nọ́ńbà méjì tí…" Ó ń sọ ọ́ lọ, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kò kálòlò. "Nọ́ńbà méjì ló jáde. Àmọ́ oko ni wọ́n ní ká wọ̀n. Kò sí àgbẹ̀ tó lè na okùn kó wọn ìbú tó kéré sí òdo, bíi òdì méjìlá. Mo mú méje, mo fi yẹ̀ ẹ́ wò: ìgbà méje méjìlá, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni."

Mọ́rìnọ́lá gbọ́ tí Mùsíọ̀ Ládiípọ̀ rẹ́rìn-ín. "Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, Mọ́rìnọ́lá. Gbogbo kíláàsì ló gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ jáde. Àbẹ̀ní jókòó tì í. "Kà á sókè."

Mọ́rìnọ́lá bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìkínní, kì í ṣe òun. Ìkẹta, ìkẹfà, ìkẹsàn-án, kì í ṣe òun. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ìkọkànlá, ọmọ Sakété kan. Ó dẹ́kun. Kò fẹ́ kà á mọ́.

"Ó ku ọ̀kan," ni Àbẹ̀ní wí.

"Ìkejìlá…" Ó pariwo, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá! Èmi ni! Èmi ni ìkejìlá! Ogójì lórí ọgọ́ta!" Ẹni tó ṣe ìkẹtàlá gba mọ́kàndínlógójì. Máàkì kan péré! Mọ́kàndínlógún ló gbà nínú ìdánwò ìkẹyìn, bó bá gba méjìdínlógún ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di ọ̀tọ̀. Ayọ̀ àti ẹ̀rù gbé e papọ̀ bó ṣe rí i bí òun ṣe fi mẹ́rin lórí ogún ọjọ́sí súnmọ́ etí kòtò tó. Àbẹ̀ní ti bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń sọ fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ òun ń lọ sí Porto-Novo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mọ́rìnọ́lá gba ilé kejì lọ. Huguette jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé orí lé eékún. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, torí kò lè ṣàlàyé ohun tó kọ.

"O wá fi mí ṣẹ̀sín?"

"Mo wá bá ọ kàwé ni. Mùsíọ̀ ní kíláàsì mìíràn máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ẹnikẹ́ni ló lè tún gbìyànjú." Mọ́rìnọ́lá jókòó tì í, ó ṣí ìwé sórí itan. "Orí rẹ pé ju tèmi lọ, Huguette, ìwọ náà mọ̀. Fóònù lè gbé orúkọ ẹni dé Porto-Novo, kò lè gbé ìmọ̀ sí ẹni lórí. Àwa la máa jókòó ti ẹ̀kọ́ kó tó wọlé."

Huguette wo ìwé náà, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Kí ló dé tí a fi ń ju òdì méjìlá nù gan-an?"

Mọ́rìnọ́lá na bíìkì sí i. "Mú un. Ìwọ lo máa sọ fún mi."